Àwọn máhárájà Íńdíà: ààfin wà, agbára dà?

ArìnrìnÀjò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Íńdíà kí ọdún tó parí, mo sì ti tọrọ àyè láti rìn yíká díẹ̀ kí n tó padà. Ohun tó wù mí jù láti rí ni ààfin àwọn ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní máhárájà. Mo ti ń kà nípa wọn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì máa fi kúrò lọ́dún 1947, ìlú ọba tó lé ní 550 ló wà ní Íńdíà. Àwọn kan tóbi tó odindi orílẹ̀-èdè, àwọn mìíràn ò ju abúlé mélòó kan lọ. Kálukú ló ní adé, ààfin àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jọba lórí Íńdíà. Báwo ló ṣe jẹ́? Ṣé ọba gidi ni wọ́n àbí ọba orúkọ lásán? Ibo ni gbogbo agbára yẹn sì wọlé sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà_Ìtàn
Àbúrò, o kú ìmúrasílẹ̀. Ọba gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọba tó ní ọ̀gá ni wọ́n.

Ọ̀nà méjì ni Íńdíà pín sí nígbà náà. Apá kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso fúnra wọn, bíi Bombay, Madras àti Bengal. Apá kejì, tó tó ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ náà, wà lábẹ́ àwọn ọba. Ọba ló ń gba owó orí níbẹ̀, òun ló ń dájọ́, òun ló ń fi èèyàn joyè. Àmọ́ kò gbọdọ̀ bá ìlú mìíràn jagun, kò gbọdọ̀ bá orílẹ̀-èdè òkèèrè ṣàdéhùn, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan á sì máa gbé inú ìlú rẹ̀ tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn. Ọba tó bá kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn yẹn, wọ́n lè rọ̀ ọ́ lóyè.

Àgbá ni wọ́n fi ń wọn iyì ọba. Bí ọba bá dé ìlú kan, iye ìgbà tí wọ́n bá yin àgbá fún un lo fi máa mọ ipò rẹ̀. Àgbá 21 ló ga jù, ọba márùn-ún péré ló sì ń gba iye yẹn: ti Hyderabad, Mysore, Baroda, Gwalior àti Kashmir. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń gba 19, 17, 15, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 9. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò gba ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ àgbá yìí dá owú jíjẹ tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì mọ̀ ọ́n lò: ẹni tó bá kó ọmọ ogun wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn á fi kún tirẹ̀.

Má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀ o. Nígbà Dalhousie, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, bí ọba bá kú láìní ọmọkùnrin tó bí fúnra rẹ̀, ńṣe ni wọ́n á gba ìlú náà, wọn ò ní ka ọmọ tó sọ dọmọ sí. Báyìí ni ìlú ọba Satara ṣe lọ lọ́dún 1848, tí Jhansi sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Jhansi ló sọ Lakshmibai, opó ọba, di jagunjagun. Ojú ogun ló kú sí ní Gwalior, ní oṣù kẹfà ọdún 1858. Ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1857 yẹn dẹ́rù ba Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n yí ọwọ́ padà. Ọbabìnrin Victoria kéde pé àwọn ò ní gba ilẹ̀ ọba kankan kún tàwọn mọ́. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ọba tí wọ́n ń lé kúrò tẹ́lẹ̀ wá di òpó tí wọ́n fara tì.

Ọmọ_Lísàbí
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Madras ni wọ́n bí Lugard sí lọ́dún 1858, ó sì ṣe sójà ní Íńdíà kó tó dé Áfíríkà. Nígbà tó gba Àríwá Nàìjíríà, ó fi ọ̀pọ̀ ọba sílẹ̀ lórí ìtẹ́, ó wá fi Rẹ́sídẹ́ǹtì tì wọ́n, oyè kan náà tí wọ́n ń lò ní Íńdíà. Lẹ́yìn tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ lọ́dún 1914 ló gbé ètò náà wá sọ́dọ̀ wa. Abẹ́òkúta, tó ní ìjọba tirẹ̀ láti 1898, ọdún 1914 yẹn gan-an ló pàdánù rẹ̀, owó orí tó bá ètò tuntun náà wọlé ló sì dá ogun Adùbí sílẹ̀ lọ́dún 1918. Bí mo bá ń kà nípa àwọn ajẹ́lẹ̀ Íńdíà, bí ẹni tó ń ka ìtàn ilé wa ló máa ń rí lára mi.

Bísí_Alágbára
Ẹ jẹ́ ká sọ ti ààfin o, torí ìyẹn ni ArìnrìnÀjò fẹ́ rí. Má lọ sí Rajasthan láì dé Jodhpur. Umaid Bhawan ni wọ́n ń pe ààfin ńlá tó wà lórí òkè níbẹ̀. Yàrá 347 ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1929 ni Máhárájà Umaid Singh bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó parí lọ́dún 1943. Lanchester, ará Lọ́ńdọ̀nù, ló ya àwòrán ilé náà. Òkúta aláwọ̀ iyanrìn ni wọ́n gé tí wọ́n sì kì bọ ara wọn, láìlo sìmẹ́ǹtì láti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo ti fojú ara mi wo oríkèé àwọn òkúta yẹn nítòsí, bébà lásán ò lè wọ àárín wọn.

Ìyàn ló fa kíkọ́ rẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀, àwọn àgbẹ̀ ò rí nǹkan jẹ, wọ́n bẹ ọba pé kó ṣàánú àwọn, ó wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gbowó. Bíi 3,000 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ò gbádùn ilé náà pẹ́, ọdún 1947 ló kú.

Àkàndé_Ń_Kàwé
Bísí, ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn àlejò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìlú tí òjò ti ń dá, ṣé ààfin lèèyàn máa kọ́kọ́ kọ́? Bí owó bá wà fún yàrá 347, owó wà fún kànga àti adágún.

Bísí_Alágbára
Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ọba kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ìdídò Jawai, tó ń fún àwọn ìlú agbègbè náà lómi títí dòní.

Àkàndé_Ń_Kàwé
Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò, lọ́dún 1946, nígbà tí ààfin ti parí. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn: ààfin ló ṣáájú, omi ló kẹ́yìn.

Gbọ́yèga77
Ẹ má gbàgbé ọba Alwar o! Wọ́n ní àwọn tó ń ta Rolls-Royce ní Lọ́ńdọ̀nù fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ torí aṣọ tó wọ̀, ló bá ra gbogbo mọ́tò inú ṣọ́ọ̀bù náà, ó kó wọn lọ sílé, ó ní kí wọ́n máa fi wọ́n kó ìdọ̀tí ìgboro.

Tíṣà_Ìtàn
Gbọ́yèga, ìtàn yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ìwé kankan tó tì í lẹ́yìn. Tún wò ó, àwọn kan ń sọ ìtàn kan náà nípa ọba Bharatpur, àwọn kan nípa ti Patiala, àwọn kan nípa ti Hyderabad. Ìtàn tó bá ní ọba mẹ́rin, ó yẹ ká fura sí i.

Bó o bá fẹ́ èyí tó dájú, gba ti Hyderabad. Àwòrán Mir Osman Ali Khan, Nizam keje (Nizam ni oyè ọba Hyderabad), ló wà ní èèpo iwájú ìwé ìròyìn Time lóṣù kejì ọdún 1937, pé òun ló lówó jù láyé. Ó ní dáyámọ́ńdì kan tí wọ́n ń pè ní Jacob, tó wọn nǹkan bíi káráàtì 184. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ni wọ́n rí i níbi orí ìka bàtà bàbá náà, òun sì ń fi tẹ bébà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ìjọba Íńdíà ra ohun ọ̀ṣọ́ ìdílé náà lọ́dún 1995, Jacob sì wà lára wọn. Nizam yìí kan náà ló dá Yunifásítì Osmania sílẹ̀ lọ́dún 1918, èdè Urdu ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Àkàndé_Ń_Kàwé
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáyámọ́ńdì tó. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Sayajirao Kẹta, ọba Baroda, ni mo máa mú. Ó dùn mí pé àwọn tó ń lọ wo ààfin rẹ̀, Laxmi Vilas tó parí lọ́dún 1890, kì í sábà béèrè ohun tó ṣe.

Ẹ gbọ́ bó ṣe dórí oyè. Malhar Rao ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1874 wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ní kí wọ́n fi májèlé àti lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ńdì sínú ohun mímu Phayre, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà dìde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta inú rẹ̀ ní ó jẹ̀bi, àwọn ọmọ Íńdíà mẹ́ta ò gbà pé ẹ̀rí wà. Gẹ̀ẹ́sì ní kò burú, wọ́n yọ ọ́ nítorí pé ó ń ṣèjọba burúkú, wọ́n sì kó o lọ sí Madras. Jamnabai, opó ọba tó jẹ ṣáájú Malhar Rao, ni wọ́n wá gbà láyè láti sọ ọmọ kan dọmọ. Abúlé Kavlana ni wọ́n ti rí ọmọ náà, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, kò mọ̀wé kà. Ọdún 1875 nìyẹn.

Ọmọ tí kò mọ̀wé kà yẹn ló wá sọ ọ́ dòfin pé kí gbogbo ọmọ ìlú òun lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tọkùnrin tobìnrin. Ó kọ́kọ́ dán an wò ní Amreli, apá kan lára ilẹ̀ rẹ̀, lọ́dún 1893, ó sì tàn án dé gbogbo ilẹ̀ Baroda lọ́dún 1906. Nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ò tíì ṣe irú rẹ̀ ní apá tiwọn. Ó mú akọ̀wé ilé ìkàwé kan, Borden, wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1910. Wọ́n ń di ìwé sínú àpótí, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ láti abúlé dé abúlé: bí abúlé kan bá ka tibẹ̀ tán, wọ́n á gbé àpótí náà lọ sí òmíràn.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti Ambedkar. Àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara kàn, ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Sayajirao ló fowó rán an lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York lọ́dún 1913, fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó padà wá ṣiṣẹ́ fún Baroda lọ́dún 1917, kò rí ilé gbé. Ó lọ fi orúkọ mìíràn wọ̀ sílé àwọn ẹlẹ́sìn Parsi, wọ́n dá a mọ̀, wọ́n kó igi wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lé e jáde. Ọba tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ò lè fi òfin yí ọkàn àwọn èèyàn ìlú rẹ̀ padà. Ambedkar yìí ló sì wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà, ìwé òfin tó sọ ilẹ̀ gbogbo ọba náà di ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ẹni tí owó ọba kọ́ níwèé ló wà nídìí ìwé tó gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọba. Mi ò mọ ìdókòwò tí ọba kan ṣe ní gbogbo Íńdíà tó so èso tó ìyẹn.

Ìyá_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Àkàndé. Mo fẹ́ fi kún un pé Sayajirao yìí ni, lọ́dún 1911 ní Delhi, nígbà tí gbogbo ọba ń lọ foríbalẹ̀ fún George Karùn-ún, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì ń rìn lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí Gẹ̀ẹ́sì nínú gidigidi.

Àmọ́ mo rí i pé ọkùnrin nìkan lẹ ń dárúkọ látìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibí, yàtọ̀ sí Lakshmibai. Bhopal ńkọ́? Láàárín 1819 sí 1926, obìnrin mẹ́rin ló di ìjọba ibẹ̀ mú: Qudsia, Sikandar, Shah Jahan àti Sultan Jahan. Mùsùlùmí ni wọ́n. Sultan Jahan ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Mùsùlùmí ti Aligarh lọ́dún 1920, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé ò tíì jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn kàwé. Nígbà tó wù ú, ó gbé oyè fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Bẹ́ ẹ bá dé Jaipur, gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò Hawa Mahal, tí Sawai Pratap Singh kọ́ lọ́dún 1799, pẹ̀lú fèrèsé 953. Ẹ rántí ìdí tí fèrèsé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àwọn olorì ò gbọdọ̀ jẹ́ kí aráyé rí ojú wọn, ihò wínníwínní ni wọ́n ti ń wo ọjà àti ọ̀wọ́ èrò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Gayatri Devi ti jáde ní ìlú yẹn kan náà. Ó dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ lọ́dún 1943, ó sì wọlé ìbò sí ilé aṣòfin Íńdíà lọ́dún 1962 pẹ̀lú ìbò tó lé ní 190,000 nínú nǹkan bíi 246,000. Ìjọba tí ò fẹ́ràn rẹ̀ tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Tihar lọ́dún 1975.

Ọmọ_Òṣun_ní_Bangalore
Mò ń kàwé níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mysore.

Ààfin tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ni ti àtijọ́. Ti àtijọ́ jóná lọ́dún 1897 níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó ọmọbìnrin ọba, wọ́n ní kí Henry Irwin ya tuntun, ó parí lọ́dún 1912. Ìdílé Wadiyar ni ìdílé ọba ibẹ̀. Àwọn ọba yìí náà gbìyànjú: lọ́dún 1902 ni wọ́n ti fi omi odò Kaveri ṣe iná mànàmáná ní Shivanasamudra, Bangalore sì ní iná ẹlẹ́tíríìkì lójú títì lọ́dún 1905.

Àsìkò ọdún Dasara ni kẹ́ ẹ wá bí ẹ bá lè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń kó àwọn erin wá láti inú igbó. Mo jí lọ wo ìdánrawò wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n di àpò iyanrìn lé erin lẹ́yìn, wọ́n ń mú un rìn lójú títì kó lè mọ́ ọn lára, nítorí àga wúrà tó máa gbé lọ́jọ́ ìparí wọn bíi 750 kílò. Abhimanyu lorúkọ erin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ́dún 2020. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹni tó ń dà á jókòó sí i lọ́rùn, ó ń fi ẹsẹ̀ rọra tẹ ẹ́ lẹ́yìn etí, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọba ló ń jókòó sórí àga yẹn láyé àtijọ́. Òòṣà Chamundeshwari ni wọ́n ń gbé síbẹ̀ báyìí.

Ìtàn kan tún wà tí gbogbo ará Mysore mọ̀. Nígbà tí ìdílé Wadiyar gba Srirangapatna lọ́dún 1610, wọ́n ní kí Alamelamma, ìyàwó gómìnà tí wọ́n lé, kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ wá. Ó kọ̀, ó bẹ́ sódò Kaveri, ó sì ṣépè pé kí ìlú Talakadu di iyanrìn, kí ìlú Malangi di ibú, kí ọba Mysore má rí ọmọ bí. Iyanrìn sì ti bo Talakadu lóòótọ́. Léraléra ni wọ́n ti sọ ọmọ ìbátan dọmọ kí oyè má bàa ṣófo. Yaduveer tó wà níbẹ̀ báyìí, opó ọba tó kú lọ́dún 2013 ló sọ ọ́ dọmọ. Òun ló ń ṣojú Mysore nílé aṣòfin láti 2024.

ArìnrìnÀjò
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa fi kún ìmọ̀ yín. Ó wá ku ìbéèrè mi kẹta. Báwo ni àwọn tó lé ní 550 ṣe gbà láti fi ìlú wọn sílẹ̀? Ṣé wọ́n bá wọn jà ni?

Tíṣà_Ìtàn
Ìwọ̀nba ni ìjà náà, àbúrò. Vallabhbhai Patel, igbákejì olórí ìjọba Íńdíà, àti akọ̀wé rẹ̀ V. P. Menon ló ṣiṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ ọba kọ̀ọ̀kan: ètò ààbò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrìnnà. Ó jọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn láti fọwọ́ sí i ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1947. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń da àwọn ìlú kéékèèké pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ títí agbára fi tán.

Mẹ́ta ló le. Nawab (ọba) Junagadh, Mùsùlùmí lórí ìlú tí ẹlẹ́sìn Híńdù pọ̀ jù níbẹ̀, yan Pakistan, ó sá lọ sí Karachi, àwọn ará ìlú sì dìbò lóṣù kejì 1948 pé Íńdíà làwọn fẹ́. Hari Singh ti Kashmir ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ogun fi kan ilẹ̀kùn, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1947 ló tó fọwọ́ sí i, ìjà ibẹ̀ ò sì tíì parí. Nizam fẹ́ dá dúró, ọmọ ogun Íńdíà wọ Hyderabad lóṣù kẹsàn-án 1948, ọjọ́ márùn-ún ni ogun náà gbà, ẹ̀mí tó sì ṣòfò láàárín aráàlú lásìkò náà pọ̀.

Ìjọba ṣèlérí owó ọdọọdún fún àwọn ọba, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Mysore ń gba rúpì 2,600,000. Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, fẹ́ fòpin sí i lọ́dún 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e, ló bá tún ìwé òfin ṣe lọ́dún 1971. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọba kankan lójú òfin Íńdíà. Èmi ò rò pé ó tọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìlérí ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, èèyàn kì í gba ilẹ̀ tán kó wá kó ìlérí jẹ.

Àkàndé_Ń_Kàwé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ta ló ń san owó yẹn? Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá dé Mehrangarh, odi tí Rao Jodha bẹ̀rẹ̀ ní Jodhpur lọ́dún 1459, ẹ máa rí òkúta ìrántí Rajaram Meghwal. Ìtàn ìlú náà sọ pé wọ́n ri í mọ́ ìpìlẹ̀ láàyè kí odi lè dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà Loha Pol, àmì àtẹ́lẹwọ́ àwọn olorì wà lára ògiri, àwọn tó bá òkú ọkọ wọn wọ iná. Wọ́n ṣì ń fi lẹ́búlẹ́bú pupa kùn wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn náà ti san owó ààfin ṣáájú.

Tíṣà_Ìtàn
Mi ò jiyàn èyí rárá, Àkàndé. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lé ìlérí lọ́wọ́ nìkan ni mò ń sọ.

ArìnrìnÀjò
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibo gan-an ni mo lè wọ̀ láìná owó rẹpẹtẹ?

Bísí_Alágbára
Falaknuma ní Hyderabad àti ààfin àárín adágún ní Udaipur ti di hòtẹ́ẹ̀lì, owó wọn ga. Àmọ́ Chowmahalla ní Hyderabad kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Umaid Bhawan pín sí mẹ́ta: ìdílé ọba ń gbé apá kan, hòtẹ́ẹ̀lì wà ní apá kan, apá kan sì jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù tó o lè wọ̀. Ní ààfin Jaipur, lọ wo ìkòkò fàdákà ńlá méjì tí Madho Singh Kejì fi gbé omi odò Ganges lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1902, nígbà ìwúyè Edward Keje. Kò fẹ́ mu omi ilẹ̀ òkèèrè ni.

Ọmọ_Òṣun_ní_Bangalore
Ní ti Mysore, gbìyànjú kó o débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń tan gílóòbù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 sára ààfin náà. Bọ́ bàtà rẹ síta kó o tó wọlé, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀. Bó o bá fẹ́ wo ilẹ̀ òkúta àti gíláàsì aláràbarà inú rẹ̀ dáadáa, àárọ̀ kùtùkùtù ni kó o lọ, kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé.